Ìyàwó Ará Jáfà Tí Kò Sunkún Lójú Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ ti rọ̀ ní agbo ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ kò ní láti wo aago. Odó ni yóò sọ fún un. Odó tiwa á kọ́kọ́ dún, ti ilé kejì á gbà á, ti òdìkejì títì á tẹ̀lé e, títí gbogbo àdúgbò á fi máa dún gbì, gbì, láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ àpáta. Ìyé Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á dẹ etí sílẹ̀, á sì máa sọ ìtàn àwọn tó ń gúnyán láìrí wọn. Èyí tó ń gún un wàràwàrà yẹn, ọkọ rẹ̀ ti tètè dé látoko. Èyí tó ń dá a dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀ yẹn, ó ti bá ẹnì kan jà. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, á wà lórí àga gbọọrọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Èmùré, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń dé, eruku ọ̀kadà á ti fi ojú rẹ̀ ṣe tìróò. Èmi ni àbíkẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, nítorí náà èmi nìkan ni mo ń pọn omi kànga, tí mo ń gbálẹ̀, tí mo sì ń lé adìẹ wọlé. Bí mo bá ń kùn, Ìyé Àgbà á ní kí n kùn sókè dáadáa kí àwọn adìẹ lè gbọ́ ẹjọ́ mi.

Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, ọdún tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ọdún náà ni mo pa ẹnu mọ́ nígbà tó yẹ kí n là á. Àbúrò bàbá mi wà tí à ń pè ní Bọ̀dá Fẹ́mi. Òun ni àbíkẹ́yìn Ìyé Àgbà, òun náà sì ni ìjọ wa rán lọ sí Jáfà láti wàásù ìhìnrere. Erékùṣù ni Jáfà, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, lápá ìlà-oòrùn ayé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni a ti ń gbàdúrà fún àwọn ará ibẹ̀. Ní gbogbo Sunday, lẹ́yìn ìfilọ̀, ẹnì kan á dìde, á ní kí a rántí àwọn ará Jáfà tó wà nínú òkùnkùn, gbogbo ìjọ á sì pariwo àdúrà débi pé àwọn àdán tó wà lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀ṣì á jí. Mi ò mọ bí ará Jáfà kan ṣe rí. Nínú ọkàn mi, mo rò pé ibẹ̀ kò ní iná mànàmáná rárá, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà lókùnkùn, mo sì máa ń káàánú wọn nítorí pé àwa gan-an mọ bí iyẹn ṣe máa ń rí.

Ọdún náà ni Bọ̀dá Fẹ́mi padà wálé. Ó mú ìyàwó bọ̀ látọ̀hún, ará Jáfà gidi, obìnrin kékeré tí kò ga jù mí lọ púpọ̀, irun rẹ̀ gùn dé ìbàdí. Lẹ́sítárì Sírì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí Sírì ni àwa ọmọdé ń pè é. Gbogbo ẹbí ló pé jọ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Àǹtí Bánkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó lọ́kọ sí Ìsẹ̀, ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, nítorí ó ti ní ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ń tọ́jú de Bọ̀dá Fẹ́mi pé kó fẹ́. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni bọ ọwọ́. Bó ṣe rí Ìyé Àgbà lórí àpótí, ó tẹ̀ ba, ó fi ìkúnlẹ̀ rìn dé iwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì gbé iwájú orí lé Ìyé Àgbà lórúnkún. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé tiwọn nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ìyé Àgbà wo gbogbo wa yíká, omi ti lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ o. Ẹ ní òkùnkùn ló ti wá? Ulé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ulé rere ni ọmọ yìí ti wá." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó súre fún un títí a fi jókòó.

Láàárín oṣù mélòó kan, Àǹtí Sírì ti di ara ilé. Kò lè gba iwájú àgbà kọjá kó má tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀ bí ẹni ń gba abẹ́ okùn aṣọ. Bọ̀dá Fẹ́mi sọ fún wa pé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní Jáfà yàtọ̀ pátápátá sí bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ ọ́, àní wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kan náà pe oúnjẹ àgbà àti oúnjẹ ọmọdé. Nígbà tí Ìyé Àgbà ṣàlàyé fún un pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ní orúkọ, pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá yìí, ọkọ rẹ̀ ni mí, ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní ó yé òun. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Dúpẹ́ mọ́. Ndúk ló ń pè mí, bí àgbà ṣe ń pe ọmọbìnrin tó bá fẹ́ràn ní Jáfà. Ó kọ́ ọ̀rọ̀ Ìkẹ́rẹ́ lẹ́nu Ìyé Àgbà kíákíá, ó ń wí pé ulé, ó ń wí pé uṣu, àwọn tó ń kọjá lójú títì á dúró láti gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán Satide, èmi àti òun á lọ já ewé tíìkì nínú oko tíìkì tó wà lẹ́yìn odò. Ewé yẹn ló fi ń di ẹ̀wà sóyà tó ti sè, á dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀wà á hu funfun, á sì dì mọ́ra. Á gé e wẹ́wẹ́, á dín in. Ìyé Àgbà tọ́ ọ wò, ó ní kò sí ohun tó yà á lẹ́nu níbẹ̀, ṣebí àwa náà ń de igbá mọ́ irú títí á fi rùn.

Ní Sunday tí wọ́n ní kí Bọ̀dá Fẹ́mi wá jíṣẹ́ fún ìjọ, èmi ni mo jókòó ti Àǹtí Sírì. Bọ̀dá ní, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé abúlé wọn, mo gbé gbohùngbohùn kalẹ̀, mo wàásù, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù na ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn ló na ọwọ́." Ìjọ hó yèè. Ó ní, "Ẹ má tíì hó. Ní Sunday kejì, èmi àti àga tí mo jókòó lé nìkan ni a wá sí ìsìn." Ó ní wọ́n na ọwọ́ kí ojú má baà ti àlejò ni, nítorí wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ sí èèyàn lójú. Ó ní bàbá arúgbó kan ló pe òun lẹ́yìn náà, tó sọ fún òun pé, "Ọmọ mi, o ti bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀, o kò tíì bá wa jẹun." Bọ̀dá wá jókòó sórí ẹní wọn. Bí wọ́n bá bímọ, bí wọ́n bá kọ́lé, bí ènìyàn bá kú, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á mọ ọ́n ṣóńṣó bí òkè, gbogbo aládùúgbò á jókòó yí i ká, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn kan ń kírun, wọ́n tún ń gbé òdòdó sí oríta fún àwọn tó ti lọ. Àwọn onígbàgbọ́ wọn náà ń jókòó yí ìrẹsì náà ká, wọ́n sì ń fi orúkọ Jésù gbàdúrà sí i. Ó ní, "Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà mọ ohun tí àwọn baba wa ń gbé lọ sí oríta."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ àwọn àgbà ìjọ kan. Ọ̀kan dìde, ó ní ẹni mélòó ló yí padà ná? Bọ̀dá ní òun kò lè búra fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó síbẹ̀ yẹn. Ni wọ́n bá ní kí Àǹtí Sírì jáde wá jẹ́rìí, kó sọ irú òkùnkùn tó wà nílé ìyá rẹ̀. Ó jáde, ó tẹ̀ ba fún wọn, ó ní, "Ìyá mi kò tíì mọ Jésù. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi pé kí n máa bu oúnjẹ fún aládùúgbò kí n tó bu tèmi. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un." Ó padà wá jókòó. Gbogbo ìjọ ṣì ń retí ìyókù. Mo ti di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìhìnrere ìjọ wa báyìí, mo ti gbọ́ ẹ̀rí tó gùn tó ìrìn Ìkẹ́rẹ́ sí Ìjàn, n kò sì tíì gbọ́ èyí tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibà apọ́njú kọlu Bọ̀dá Fẹ́mi. A rò pé ibà lásán ni. Ìyé Àgbà se àgbo, bàbá mi ra oògùn, Àǹtí Sírì ń fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù ní Adó, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹrin ni ó kú. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ilé wa dàrú. Ìyé Àgbà yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí kò fi mú òun arúgbó. Àǹtí Bánkẹ́ ti ń ké bọ̀ láti ọ̀nà Ìsẹ̀, ó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ń ki àbúrò rẹ̀, ó ń lu ògiri, ohùn rẹ̀ há pátápátá lọ́jọ́ kejì. Bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn, onígbàgbọ́ ni a o, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu pípadé sin ọ̀dọ́. Gbogbo ojú sì wà lára opó.

Opó kò sunkún. Ó wọ dúdú, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. Bí àwọn tó wá bá a kẹ́dùn bá ti wọlé, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, á dìde, á tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀, á gbé tíì fún wọn. Àwọn obìnrin tó wọlé pẹ̀lú ẹkún á gbé ife tíì dání, wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n máa fi ẹnu ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa pósí dé, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì bọ́ sẹ́yìn kíákíá. Mo rí ojú Àǹtí Bánkẹ́. Mo rí bí ó ṣe wo ẹ̀rín yẹn. Bẹ́ẹ̀, àwa Yorùbá ló ni ọ̀rọ̀ pé ohun tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Kò sí ẹnì kan tó rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní kí n máa sùn sí yàrá rẹ̀ kí ó má baà dá wà. Ní ọ̀sán Satide tó tẹ̀lé ìsìnkú, ó ní ká lọ já ewé tíìkì. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí kò tíì jẹ oúnjẹ kankan dáadáa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó se é. Nígbà tí a dé oko tíìkì, ó ní kí n máa já ewé ní ìhà ìhín, òun ń lọ sí ìhà ọ̀hún. Mo já ewé títí ọwọ́ mi fi pupa. Mo wá gbọ́ ohùn kan, hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, ó rọra ń jáde, ó ń dá dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Inú bí mi. Mo rọra yọ lọ síbẹ̀ láti lọ wo ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà tí Bọ̀dá mi wà nínú ilẹ̀. Ó ká jọ sí ìdí igi. Ó ti ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó fi eyín dè é mọ́ra, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ojú ti rin àyà aṣọ rẹ̀ gbingbin. Ohùn tó ń ráyè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà ni mo pè ní ẹ̀rín. N kò tíì rí ẹkún tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí, títí dòní.

Nígbà tó rí mi, ó nu ojú kíákíá, ó fà mí mọ́ra. Ó ní, "Ndúk, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní ìyá òun kọ́ òun láti kékeré pé a kì í jẹ́ kí omi ojú kán sí òkú, pé ọ̀nà á wúwo fún un, kò ní lè lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú rere. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Jésù ló wà. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó lè dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ojú ń tì mí pé n kò lè mú un mọ́ra." Mo ṣèlérí. Ìyé Àgbà fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ mi pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, ó sì ti fi ẹgba kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún aládùúgbò.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí pe ìpàdé. Ohun tí wọ́n fẹ́ yanjú kò pọ̀. Àǹtí Sírì kò bímọ fún Bọ̀dá Fẹ́mi. Ìjọ ti ṣètò pé kó padà sílé. Òun ní òun kò fẹ́ padà, pé òun fẹ́ jókòó ti Ìyé Àgbà, kí òun máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kí òun sì wà nítòsí ibi tí ọkọ òun sùn sí. Ìyé Àgbà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Bánkẹ́ dìde, ohùn rẹ̀ kò tíì là tán, ó ní, "Ẹ̀yin ará ulé mi, mo fẹ́ bi yín. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú tí kò sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín sí i nínú pósí, ṣé kò ti mọ̀ kó tó kú? Kí ló fún un jẹ? Kí ló wà nínú ewé tí wọ́n ń dì mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì yẹn?" Bàbá mi ní Fẹ́mi ti sọ fún òun rí pé wọn kì í ké lórí òkú lọ́hùn-ún. Àǹtí Bánkẹ́ ní, "Fẹ́mi dà? Pè é kó wá jẹ́rìí."

Olórí ẹbí wa, bàbá arúgbó kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, bi Àǹtí Sírì pé kí ló rí sọ. Ó tẹ orí ba, ó ní, "Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe, Bàbá." Ó dájú pé bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti dá àgbà lóhùn nìyẹn. Létí tiwa, ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní àwíjàre. Bàbá náà wá ní, "Ó dáa. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú ulé yìí bá rí i tó ń sunkún ọkọ rẹ̀, ẹjọ́ ti parí, kó jókòó. Bí kò bá sí, a ò lè gbé pẹ̀lú ohun tí a kò mọ̀." Ìyé Àgbà yíjú sí mi. Ó ti ń mí ìmí ìtura, torí ó rò pé ọwọ́ ti tẹ ẹlẹ́rìí. Ó ní, "Dúpẹ́, ìwọ lò ń bá a sùn. Sọ fún wọn. Ṣé o rí i tó ń sunkún?"

Mo wo Àǹtí Sírì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì mi orí lọ́nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Títí dòní, n kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé ó ń rán mi létí ìlérí. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. Mo ti yí i síwájú sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì yé mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á bá a pa àṣírí mọ́. Mo ní, "Rárá, mà. Mi ò rí i." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yọ mí nínú ẹ̀bi. Ẹyin ni ohùn. Mo gbọ́ ọ nígbà tó fọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ wá gbé e lọ sí Èkó, níbi tí yóò ti wọ bàálù. Ó fi ìkúnlẹ̀ rìn dé iwájú Ìyé Àgbà, ó gbé orí lé e lórúnkún bó ṣe gbé e ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ìyé Àgbà ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kò gbé e lé e lórí, kò súre. Àǹtí Sírì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń retí, a sì ń wò ó. Nígbà tó yá, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa, ó sì tẹ̀ ba kọjá níwájú Àǹtí Bánkẹ́ lọ sínú ọkọ̀. A rán èèyàn gba ojú òkun kọjá kó lọ sọ fún wọn pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn. Ọ̀kan gbọ́, ó gbà, ó tẹ̀lé e wá bá wa nílé, àwa tí a rán an níṣẹ́ sì lé e. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ìlú tí ìhìnrere kò tíì dé nínú ìgbìmọ̀ wa, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n fi orúkọ àdúgbò wa kún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, odó ti ń dún káàkiri, tiwa nìkan ni kò dún. N kò lè gbé e mọ́. Mo lọ bá Ìyé Àgbà lórí àpótí, mo kúnlẹ̀, mo ní mo purọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, oko tíìkì, aṣọ tó kì bọ ẹnu, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Mo ti ń retí ẹgba. Kò nà mí. Ó ní, "Fi hàn mí bó ṣe ṣe é." Mo ki etí aṣọ mi bọ ẹnu, mo ká jọ sílẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, mo ká ọwọ́." Ó pe bàbá mi, ó ní kó bá òun wá obìnrin náà rí, níbikíbi tó bá wà.

Bàbá mi pe nọ́ńbà tí Àǹtí Sírì fi sílẹ̀, kò wọlé. Abúlé ìyá rẹ̀ wà lórí òkè kan tí nẹ́tíwọ̀kì kò dé. Ó lọ sí kafé ní Adó, ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìjọ tó wà nítòsí ibẹ̀, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun mú ìwé náà dé ọwọ́ Àǹtí Sírì, pé Ìyé ní kó dárí ji òun, kó padà wálé. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sí èsì. Gbogbo Sunday tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyé Àgbà á ní kí bàbá mi tún pè é. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ń rù. Àwọn kan ní ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń pa á, wọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n èmi mọ èkejì rẹ̀. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí iṣu tuntun tó dé ọjà, a sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Fẹ́mi.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Àǹtí Bánkẹ́ nìkan la wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń ṣa ẹ̀gúsí. Fóònù bàbá mi, tó fi sílẹ̀ sórí tábìlì, dún. Nọ́ńbà rẹ̀ gùn, n kò mọ̀ ọ́n. Mo gbé e. Mo gbọ́ ọ, ohùn náà jìnnà, ó ń já, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. "Ndúk? Ndúk, ìwọ ni? Mo ti rí ìwé yín gbà. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n gbé e dé ọwọ́ mi. Sọ fún Ìyé pé mo ń bọ̀ wá sí ulé. Gbé fóònù fún Ìyé, kí n kí i." Àǹtí Bánkẹ́ ti gbọ́ ohùn náà, ó ti gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀. Mo ní, "Àǹtí." N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé tiwọn. Mo ní, "Àǹtí, Ìyé ti kú. A ti sin ín." Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Mo rò pé ó ti já. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ, ó rọra ń jáde, hẹ̀, hẹ̀, ó dá dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Bánkẹ́ ti súnmọ́ mi, ó ti gbé etí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó wò mí. Ó ní, "Ó tún ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Ẹkún ni, mà. Ẹkún ló ń sun."